Káàdì Mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún Ọ̀rọ̀ Kan

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́rú, Baba Ògbufọ̀ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ogójì ọdún. Ó ní kí ọmọ òun fi irọ́ sínú ìwé.

Kò pè é ní irọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ife tíì ń tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ kọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ní, “Màmá mi, bí o bá dé orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ‘keep’, má wulẹ̀ tú àwọn káàdì mi. Jókòó, kí o ro àpẹẹrẹ tìrẹ sí i. Orí rẹ pé tó bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa yẹ ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, gbé bíírò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Kí n rò ó, Bàámi?”

“Rò ó.”

“Àpẹẹrẹ àròsọ? Nínú ìwé yìí?”

“Ṣé etí ń dùn ọ́ ni? Mo ní kí o rò ó. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò sí àyè fún àríyànjiyàn.”

Bí ẹja bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó lọ kọ́lé sórí igi, ìyàlẹ́nu ọmọ náà kò lè ju èyí lọ.

Ẹni tí kò bá mọ baba yìí ni kò ní mọ ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe ògbufọ̀ ní ilé-ẹjọ́. Ohun tí olè bá sọ ló ń sọ, ohun tí adájọ́ bá sọ ló ń sọ. Kì í bù kún un, kì í sì í bù kúrò. Ìlànà yìí kan náà ló gbé wọ inú ìwé atúmọ̀-èdè tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ, èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di èdè wa. Lójú tirẹ̀, ìtumọ̀ tí kò bá ti ẹnu alààyè jáde kì í ṣe ìtumọ̀. Nítorí náà ó máa ń kó páálí káàdì pélébé sí àpò àyà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ gbólóhùn tó bá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan mu, yóò kọ gbólóhùn náà, ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ìtumọ̀ tí kò bá tíì gbọ́, àyè rẹ̀ yóò ṣófo. Ó fi ọdún mẹ́rin wá ẹni tí yóò sọ ọ̀kan nínú àwọn ìtumọ̀ ‘run’. Ọjọ́ tí akunlé kan pariwo lórí àkàbà pé ọ̀dà òun ń ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, baba já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, ó bọ akunlé lọ́wọ́, ó ní, “Ọlọ́run á ṣe ọ̀dà ẹ lóore!” Àwọn ará àdúgbò sì máa ń sọ pé, “Ẹ pa ẹnu mọ́, Baba Ògbufọ̀ ń bọ̀. Bí ẹ bá sín, á kọ ọ́.”

Ọmọ rẹ̀ mọ ìlànà yìí ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ní ọmọ ọdún méje, ó gbé àpẹẹrẹ kan tó dùn létí wá fún un. Baba kò yìn ín. Ó bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: “Ta ló sọ ọ́? Níbo? Ọjọ́ wo?” Nígbà tí kò rí ìdáhùn, ó fa káàdì náà ya lójú rẹ̀.

Ó tún wá rántí ohun mìíràn. Gbogbo lẹ́tà ìwé náà ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, K nìkan ló kù. Oṣù mẹ́ta ni baba fi ń sọ pé òun yóò gbé àpótí K sílẹ̀ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀tunla, ọ̀tunla di oṣù. Ní báyìí tí ojú rẹ̀ kò gbà á láyè mọ́ láti ṣe é fúnra rẹ̀, ó gbé àpótí náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tú ìdì ‘keep’.

“Mo gbọ́, Bàámi,” ló sọ. Ó dìde, ó wọ yàrá káàdì lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Páálí bàtà ni baba fi ń tọ́jú àwọn káàdì, wọ́n sì tò títí dé àjà. Rọ́bà ló fi dì ìdì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òwú dúdú ló fi di ti ‘keep’, ó sì ta á ní kókó méjì. Obìnrin náà fi eyín já a.

Káàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ẹrù rẹ̀ pọ̀. Èkíní, pé kí a pa nǹkan mọ́: “Ó fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí,” ìyàwó onílé ló sọ ọ́. Ẹ̀kẹrin, pé kí a sin ẹran: “Àbúrò mi ń sin ehoro méjìlá, ó sì sọ gbogbo wọn lórúkọ,” agbẹjọ́rò kan. Ẹ̀kẹfà, oúnjẹ tí kò ní tètè bàjẹ́: “Mílíìkì yìí ò lè dọ̀la o, ẹ má sọ pé n ò wí.” Ẹ̀kẹsàn-án, ohun tí ẹnì kan ń ṣe láìdábọ̀: “Ọkùnrin yìí ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ta ló bi í?” adájọ́ ló sọ ọ́, nínú ilé-ẹjọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló wà níbí tó yẹ kí baba bẹ̀rù, ó sì ṣí ẹ̀kẹrìnlá.

Ẹ̀kẹrìnlá ni pé kí a bá ẹlòmíràn tọ́jú nǹkan rẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní ni baba fi kọ ọ́, ó kún káàdì náà bámúbámú:

“Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé. Ọdún kan péré ni. Ọjọ́ òní, àmọ́dún, ọkọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ ni n ó bá dé, ẹ gbé e wá pàdé mi níbí. Ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ áyọ́ọ̀nù mọ́ o, ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná ni.” Ẹni tó sọ ọ́: aránṣọ inú yàrá ẹ̀yìn, ìyá ọmọ náà. Ibùdókọ̀ ojú irin. Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ó wo ọdún tó wà lẹ́yìn oṣù. Ó tún un wò. Ó gbé káàdì náà sún mọ́ fèrèsé bí ẹni pé oòrùn lè bá a yí i padà. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, òun ti pé ọmọ oṣù mẹ́jọ àti ọjọ́ mẹ́ta.

Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Àpá iná kan wà lọ́rùn ọwọ́ náà láti kékeré, ó ní igun mẹ́ta, ó mú ṣóńṣó bí orí áyọ́ọ̀nù. Baba sì sọ fún un pé áyọ́ọ̀nù ilé ló jó o. Kò sí áyọ́ọ̀nù nílé wọn rí. Aṣọ baba kì í nà; gbogbo ilé-ẹjọ́ ló fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ògbufọ̀ ń sùn nínú ẹ̀wù kóòtù rẹ̀. Báwo ni ọgbọ́n yìí kò ṣe sọ sí i lọ́kàn fún ogójì ọdún?

Ohun tí baba sì ń sọ fún un ni pé, “Ìyá rẹ kú lọ́jọ́ tó bí ọ.” Ọ̀rọ̀ méje péré, kì í fi ìkẹjọ kún un. Òkú wá ń sọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Ó wá ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó rí i lórí ẹ̀kọkàndínlógún, pé kí a mú ìlérí ṣẹ: “Obìnrin yìí mà ṣèèyàn o. Ó ní ọjọ́ òní lòun ń bọ̀, òní náà ló sì dé.” Ajátíkẹ́ẹ̀tì ló sọ ọ́. Ibùdókọ̀ ojú irin. Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ó rí i lórí ẹ̀kejìlélógún, pé kí a dá ènìyàn dúró: “Ta ló dá ìyá yìí dúró látàárọ̀? Ó gbé àga ọmọdé kékeré kan lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kàn án.” Ajátíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Ọjọ́ kan náà. Baba ti fi aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Kò lè ka ìyókù ní títẹ̀léra. Ó fò wọ́n, ó fa èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yọ, ìtumọ̀ ìkẹyìn, ẹ̀kọkànlélọ́gbọ̀n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀: “N kò dá a padà.” Ẹni tó sọ ọ́: èmi.

Nígbà tó padà sí pálọ̀, baba ṣì di ife tíì mú. Kò yí ojú padà.

“O tú u,” ló wí.

“Mo tú u.”

“Mo gbọ́ ìró òwú.”

Ó dúró sáàárín yàrá. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi tọ́ ọ ló jáde. “Ta ló sọ ọ́, Bàámi? Níbo? Ọjọ́ wo?”

Baba gbé ife sílẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́, láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ní ìyàwó òun àti ọmọ inú rẹ̀ kú lóṣù kan náà tí aránṣọ náà gba yàrá ẹ̀yìn ilé òun pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ aránṣọ ti bá iṣẹ́ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì padà wálé mọ́. Nígbà tó yá, ikọ́ àwúgbẹ mú aránṣọ náà, dókítà ní kí ó lọ lo ọdún kan ní ilé ìwòsàn tó jìnnà, ọmọ kò sì gbọdọ̀ bá a lọ.

“Kò ní ẹlòmíràn. Èmi náà kò ní. Lóṣù kẹjọ tí o wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹjọ́ ìlú yìí, kò sì mọ ibi tí mo lọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà lọ bá a.”

“Ẹ̀yin nìkan?”

“Èmi nìkan. Mo fi ọ́ sọ́dọ̀ ìyàwó akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Mo fẹ́ lọ sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí a jọ máa tọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tò kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo tò ó dáadáa. Mo dé ibẹ̀, mo rí i lórí bẹ́ǹṣì, ó ti sanra díẹ̀, ó ti dára. Mo wọ ẹ̀yìn fèrèsé ajátíkẹ́ẹ̀tì.” Ó mí. “Ẹsẹ̀ mi kò jáde mọ́.”

“Láti aago mẹ́wàá di márùn-ún?”

“Di mẹ́fà. Mo bá ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ padà. O ti sùn nígbà tí mo dé. O ti ń sáré, Màmá mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn lo bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ ní káàdì lápò.”

“Mo máa ń ní i lápò.”

“Ìyá mi jókòó síta, ẹ̀yin sì ń kọ ohun tí ajátíkẹ́ẹ̀tì ń sọ!”

“Ohun tó sọ ni.” Ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. “Kí ni n bá tún ṣe? Bí n kò bá kọ ọ́, ta ni ìbá mọ̀ pé ó wá?”

Obìnrin náà ti ń retí pé baba yóò jiyàn, tàbí pé yóò sunkún, kí òun lè rí ohun di mú. Òtítọ́ ló gbé lé e lọ́wọ́, ó gbóná, kò sì ní igun tí a lè fi dì í mú.

“Kí ló dé tí ẹ kò sun wọ́n?”

“Káàdì?” Baba yí ojú sí i wàyí, ẹ̀rù bà á gidi. “Èèyàn ń sun káàdì ni?” Ó fọwọ́ wá orúnkún ara rẹ̀. “Ṣùgbọ́n má tẹ̀ ẹ́. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀. Àwọn tó bá mọ ọjọ́ orí rẹ yóò ṣírò rẹ̀. Orúkọ mi, Màmá mi.”

“Orúkọ yín?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bà á lẹ́rù. “Èmi kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí ìyá mi sọ mí.”

Baba na ọwọ́ wá ife rẹ̀ tó ti tutù.

Obìnrin náà kó káàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n sínú àpò, ó gbé àpótí K, ó sì jáde.

Ilé ìtẹ̀wé kò ju òpópónà méjì lọ. Atẹ̀wé jẹ́ ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá ń tò sórí kọ̀ǹpútà síta. Ó ń pe obìnrin náà ní Ọ̀gá Àmì, nítorí pé àmì ohùn kan ṣoṣo kò lè sá mọ́ ọn lójú.

“Ọ̀gá Àmì! K wa dà? Ó ti bímọ, àbí ó ṣì ń rọbí?”

“Ó ti bí i.”

“Akọ ni àbí abo?”

“Abo ni.” Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘keep’. Ẹ tò ó bó ṣe wà. Ẹ má bù kún un, ẹ má bù kúrò.”

Ó jókòó tì í. Atẹ̀wé ń kà, ó ń tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín lórí ehoro, ó gbè lẹ́yìn adájọ́. Nígbà tó dé ẹ̀kẹrìnlá, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀kejìlélógún, ó mú ọwọ́ kúrò. “Ọ̀dájú wo rè é? Kẹ́ni fi ìyá ọlọ́mọ sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀!”

“Ẹ máa tò ó, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mo ń tò ó. Ẹnu mi ni n ò lè dì.” Ó ṣí òmíràn, ó ṣí òmíràn. “Ẹ̀kejìdínlọ́gbọ̀n, pé kéèyàn ní ìsọ̀. ‘Ìyẹn? Ó ṣì wà nídìí ìsọ̀ òwú àti bọ́tìnnì ẹ̀ níwájú ibùdókọ̀, ẹnu ọ̀nà kẹta. Kò kúrò níbẹ̀ rí.’ Ajátíkẹ́ẹ̀tì tó ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta…” Ó dúró, ó gbé ojú sún mọ́ ọn. “Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn rè é! Ẹ wo lẹ́tà bàbá, bó ṣe ń ta gẹ̀gẹ́rẹ̀ bí ọ̀mùtí. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn.”

Obìnrin náà gba káàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kejìdínlọ́gbọ̀n wà lára àwọn tó fò. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni baba ní òun fẹ́ dá lọ rí dókítà ojú ní ìlú mìíràn, tó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni sin òun. Kò gba oògùn kankan bọ̀. Láti àárọ̀ ni obìnrin náà ti ń ṣọ̀fọ̀ ìyá tó dúró títí tó sì ti kú. Kò rò ó wò pé ó lè ṣì dúró.

“Ọ̀gá Àmì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ni ìsọ̀ yìí?”

“Ìyá mi.”

“Ìyá yín tó…” Atẹ̀wé gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí ẹ̀rọ bí ẹni pé ó jó o. Ó wo káàdì, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo aago ara ògiri. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí ti lọ fún ìlọ́po méjì rẹ̀. “Ọkọ̀ ojú irin kan ń lọ ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú,” ló sọ. “Ẹ sáré. Ẹ fi àpótí yẹn sílẹ̀ fún mi. Àmì kan ò ní sọnù.”

Nínú ọkọ̀, ó to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ó tò ó dáadáa, títí tó fi rántí ẹni mìíràn tó ti to ọ̀rọ̀ kalẹ̀ lójú irin yìí kan náà. Ó dẹ́kun rẹ̀.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó rí fèrèsé ajátíkẹ́ẹ̀tì, gíláàsì rẹ̀ ti sán. Ó rí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ dúró lẹ́yìn fèrèsé náà. Ó rí i bó ṣe rọrùn tó, ó sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè, ó kọjá.

Ẹnu ọ̀nà kẹta kò fẹ̀ ju apá méjì lọ. Òwú wà nínú àpótí ní oríṣiríṣi àwọ̀, bọ́tìnnì wà nínú ìgò. Obìnrin arúgbó kan jókòó lẹ́yìn tábìlì, àwò ojú wà nímú rẹ̀, ó ń ka bọ́tìnnì dúdú fún oníbàárà kan. Lókè orí rẹ̀, lórí ìṣó, àga ọmọdé kékeré kan ni wọ́n fi okùn kọ́.

“Ẹ kú ọjà, mà.”

“O ṣé, ọmọ mi. Kí ni n bá ẹ mú?”

Ọmọ Baba Ògbufọ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ọwọ́ òsì lé orí tábìlì, àpá náà lókè.

Arúgbó náà wò ó. Bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀, wọ́n yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àpótí. Oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti ṣà wọ́n. Arúgbó náà bọ́ àwò ojú, ó fi àtàǹpàkò wá igun àpá náà, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, bí aránṣọ tó ń wá ojú rírán nínú òkùnkùn. Kò bi í léèrè ẹni tó jẹ́.

“Ó ti jinná,” ló wí.